Àwọn Obìnrin Tó Ṣíwájú Ọjà

 Ẹ ó rántí pé ní àjọ̀dún Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin wa tó kọjá, a pe obìnrin mẹ́fà jáde síwájú ìjọ, a fún wọn ní àwo ìdánilọ́lá, a ya fọ́tò, a jẹ ìrẹsì, kálukú sì gba ilé rẹ̀ lọ. Oníṣòwò ni gbogbo wọn. Ẹ̀yẹ náà tọ́ sí wọn, n kò ní gbà á padà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ bí a ṣe yàn wọ́n. Èmi àti alàgbà méjì la jókòó sí ọ́fíìsì mi, a ṣí ìwé owó ilé ìjọsìn tuntun, a wo àwọn obìnrin tí owó wọn pọ̀ jù níbẹ̀, a sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Iṣẹ́ ogún ìṣẹ́jú ni. A ò tilẹ̀ bi ara wa léèrè ohun tí a ń wá.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ náà, ìyá kan tó ń ta ata gbígbẹ dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá yìí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n. Wọ́n ní, "Pásítọ̀, àwo yẹn dára o, ẹ ṣeun. Àmọ́ ẹni tó ń bá wa sọ̀rọ̀ lọ́jà, mi ò rí i níbẹ̀." Wọ́n gbé báàgì wọn, wọ́n lọ.

Mo mọ ẹni tí wọ́n ń wí. Nígbà tí iná jó apá kan ọjà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń tajà, tí wọ́n tún ṣọ́ọ̀bù kọ́, tí wọ́n sì fẹ́ pín in fún àwọn tí iná ò jó rárá, obìnrin kan láàárín wa ló ń ti ìsọ̀ rẹ̀ pa láàárọ̀, tó ń lọ jókòó sí ọ́fíìsì àwọn tó ń bójú tó ọjà. Ó lọ lónìí, wọ́n ní ọ̀gá ò sí nílé. Ó lọ lọ́la, wọ́n ní kó mú ìwé wá. Ó mú ìwé dé, wọ́n ní ìwé yẹn kọ́. Báyìí ló ṣe fún oṣù mẹ́ta. Obìnrin mọ́kànlélógún ló rí ṣọ́ọ̀bù wọn gbà padà, àwọn tó kù ṣì ń dúró. Ìsọ̀ tirẹ̀ ti gbẹ. Tí ẹ bá wo ìwé owó ilé ìjọsìn, ẹgbẹ̀rún méjì náírà ló wà níwájú orúkọ rẹ̀. N kò ní dárúkọ rẹ̀ níbí, torí kò ní dùn mọ́ ọn nínú.

Ọ̀rọ̀ ìyá aláta yìí ló lé mi padà sídìí ìwé ìtàn. Ní sẹ́mínárì, ìtàn ìjọ ni wọ́n kọ́ wa. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ wa ní ìtàn ọjà, bẹ́ẹ̀ ọjà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kún ìjọ wa ti ń wá, pàápàá àwa Yorùbá tí a wà ní Òkè Ọya níbí, tó jẹ́ pé òwò ló gbé àwọn òbí wa wá. Mo fẹ́ mọ ohun tí àwọn ìyá ìyá wa ń wò kí wọ́n tó pe ẹnì kan ní aṣíwájú nínú òwò. Ṣé owó rẹ̀ ni, àbí nǹkan mìíràn wà ńbẹ̀?

Ẹni tí gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ dárúkọ ni Ẹfúnróyè Tinúbú. Ọmọ Ẹ̀gbá ni. Ó ṣòwò ní Àgbádárìgì, ó ṣòwò l'Ékòó: tábà, iyọ̀, epo pupa, ohun ìjà. Ó dúró ti Ọba Akítóyè nígbà tí wọ́n lé e kúrò lórí oyè. Nígbà tó di ayé Dòsùnmú, agbára obìnrin yìí ti pọ̀ jù lójú kọ́ńsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì lé e kúrò l'Ékòó ní ọdún 1856. Ṣé ẹ rò pé ó jókòó sunkún? Abẹ́òkúta ló gbà lọ, ó tún òwò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì wá kọ lu Ẹ̀gbá ní 1864, ó pèsè ohun ìjà fún ìlú, wọ́n sì fi í jẹ Ìyálóde ní ọdún yẹn. Ó kú ní 1887. Gbàgede tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ṣì wà ní Erékùṣù Èkó, ọ̀pọ̀ nínú yín ti wọ mọ́tò kọjá níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará, ẹrú wà nínú ọjà Tinúbú. Ènìyàn bíi tiwa ló ń rà, tó ń tà. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, tí wọ́n pa ní 1874: òṣìṣẹ́ oko rẹ̀ tó pọ̀ lọ jàra yẹn, ẹrú ni wọ́n. Tí a bá ń ròyìn àwọn ìyá yìí lórí pẹpẹ, a máa ń fo ibẹ̀. Èmi náà ti fò ó rí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. N kò ní kí a má dárúkọ wọn mọ́. Ohun tí mo ń wí ni pé bí owó ṣe pọ̀ tó kò sọ fún wa ibi tí owó ti wá, kò sì sọ ẹni tó jìyà kó tó di owó.

Ẹ wá wo oyè náà fúnra rẹ̀. Ìyálóde, ìyá tó ni òde. Ní ìgbìmọ̀ ìlú tí àwọn ọkùnrin kún, òun ni ohùn àwọn obìnrin. Owó ló máa ń gbé ènìyàn dé ipò yẹn, òótọ́ ni, torí ta ló fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ òtòṣì? Ṣùgbọ́n tí ó bá ti débẹ̀, kì í ṣe owó ni wọ́n ń bi í mọ́. Wọ́n ń bi í pé kí ni ìjà àwọn obìnrin, kí ni wọ́n fẹ́, kí ni wọn ò fẹ́.

Nínú ọjà gan-an, ó tún ṣe kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sẹ́yìn ìyá yín lọ́jà mọ̀ ọ́n. Ẹlẹ́ja ní olórí tiwọn, aláta ní tiwọn, aláṣọ ní tiwọn, ìyálọ́jà sì wà lórí gbogbo wọn. Ẹni tí wọ́n bá fi jẹ olórí ẹlẹ́ja, òun ni wọn ó jí lóru tí ìjà bá dé. Tí aláròóbọ̀ bá gba ọjà àwìn lọ́wọ́ alájàpá tí kò san án, iwájú rẹ̀ ni wọ́n ń gbé ẹjọ́ wá. Tí ẹni tuntun bá fẹ́ tẹ́ ẹní rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń mú un lọ. Ẹni tí wọ́n gbé ẹrù rẹ̀, ẹni tó bí ìbejì tí kò lè wá sọ́jà, ẹni tí alájọ gbówó rẹ̀ sá, gbogbo wọn di ẹrù olórí. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíràn tó lówó gan-an fi máa ń sá fún oyè yìí. Ó máa ń jẹ ọjà ẹni.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan o. Àwọn ará wa tó jẹ́ Ígbò tí a jọ ń tajà níbí lè sọ ìtàn Omu Okwei ti Osomari fún yín. Wọ́n bí i ní 1872. Ó ra epo, ó ta ọjà òyìnbó, ó yá àwọn ènìyàn lówó, ó ní ilé púpọ̀ ní Onitsha. Ní 1935, wọ́n fi í jẹ Omu, olórí àwọn obìnrin, ó sì wà níbẹ̀ títí tó fi kú ní 1943. Wọ́n gbẹ́ ère rẹ̀ sí Onitsha.

Ẹni tí mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an kò ní gbàgede ńlá bíi ti Tinúbú. Ẹlẹ́ja ni. Orúkọ rẹ̀ ni Alimotu Pẹlẹwura, ọjà Ereko ní Erékùṣù Èkó ló ti ń tajà. Ẹja ni ìyá rẹ̀ tà, ẹja ni òun náà tà. Kò mọ ìwé kà. Mùsùlùmí ni, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dí yín lójú. Mùsùlùmí àti Kristẹni jọ ń ta ẹja lórí tábìlì kan náà nígbà náà, bí a ti ń ṣe é títí dòní. Ó di olórí ọjà Ereko, nígbà tó sì yá, ó di olórí Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Ọjà Èkó lápapọ̀. Herbert Macaulay àti ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ mọ̀ pé tí Pẹlẹwura ò bá sí lẹ́yìn àwọn, àwọn ò lẹ́nìkan l'Ékòó.

Ní 1932, ìròyìn gbòde pé ìjọba fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ àwọn obìnrin Èkó. Ẹ rántí pé ọdún mẹ́ta péré ni ogun tí àwọn obìnrin bá ìjọba jà ní agbègbè Aba nítorí owó orí kan náà, tí wọ́n yìnbọn pa ọ̀pọ̀ nínú wọn, ní 1929. Àwọn obìnrin Èkó rán aṣojú lọ, Pẹlẹwura wà lára wọn. Ìjọba sọ fún wọn pé kò sí irú èrò bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbà, wọ́n lọ sílé. Láàárín ọdún díẹ̀ sí i, wọ́n tún fẹ́ kó ọjà Ereko kúrò níbi tó wà lọ sí Olúwọlé. Àwọn obìnrin ní àwọn ò lọ. Ọlọ́pàá wá, wọ́n kó Pẹlẹwura àti àwọn mìíràn lọ sí àtìmọ́lé, àwọn obìnrin tó kù sì ya síta títí wọ́n fi tú wọn sílẹ̀. Ọjà ò kúrò.

Nígbà tó di 1940, ogun Hitler ti bẹ̀rẹ̀, ìjọba nílò owó. Òfin tuntun jáde pé obìnrin tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá ju £50 lọ yóò san owó orí. Ìlérí 1932 ti di ìtàn. Ní oṣù Kejìlá, àwọn obìnrin ti ọjà wọn pa. Wọ́n lọ bá kọmíṣọ́nnà, wọ́n lọ sí ilé Gómìnà, wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò lè kọ orúkọ wọn, ìka ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Ẹ sáà rò ó wò, obìnrin lórí obìnrin, kálukú ń ti ìka bọ yíǹkì, ń tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé tí kò lè kà, nítorí ó fọkàn tán ẹni tó ṣíwájú rẹ̀.

Òyìnbó sọ fún Pẹlẹwura pé àwọn obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń san owó orí. Ó dá a lóhùn pé ọ̀dọ̀ wọn lọ́hùn-ún ni owó wà, pé òtòṣì ni àwọn èèyàn tòun. Ó tún ní níwọ̀n ìgbà tí obìnrin ò lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò, kí ni wọ́n ń gba owó orí lọ́wọ́ rẹ̀ fún? Ìbéèrè yẹn dùn mọ́ mi púpọ̀, torí ní Òkè Ọya tí a ń gbé yìí, ọdún 1976 ni obìnrin tó ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Àwọn ìyá kan wà nínú ìjọ wa tí wọ́n ti ń tajà, tí wọ́n ti ń sanwó ìsọ̀, kí ọdún yẹn tó dé.

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ìjọba yí £50 padà sí £200. Kì í ṣe pé wọ́n fagi lé e pátápátá. Ṣùgbọ́n mélòó ni ẹlẹ́ja tàbí aláta tí £200 ń wọlé fún lọ́dún nígbà náà? Olówó díẹ̀ àárín wọn nìkan ni àpò wọn kò bọ́. Ẹ kíyè sí i: àwọn tó rí nǹkan gbà jù nínú ìjà yẹn ni àwọn tí kò ní nǹkan púpọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá ta sí nìyí. Láti 1941, nítorí ogun, ìjọba ní àwọn yóò máa dá iye owó lé oúnjẹ l'Ékòó. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Pullen ni wọ́n fi ṣe alábòójútó rẹ̀. Ó dá iye lé gàrí, ó dá iye lé ẹ̀wà, iye yẹn sì kéré débi pé tí obìnrin bá rà á lóko, tó san owó mọ́tò, gbèsè ló ń jẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra gàrí ní mudu níbí, ẹ mọ ohun tí owó mọ́tò máa ń fi kún un. Nígbà tí àwọn obìnrin ò tà á ní iye yẹn, Pullen dá ọjà tirẹ̀ sílẹ̀, kí àwọn ará ìlú lè máa rà lọ́wọ́ ìjọba láìkan àwọn obìnrin ọjà. Oúnjẹ di ohun tí wọ́n ń tà ní bòókẹ́lẹ́ lálẹ́. Èèyàn ń tò fún gàrí láti àárọ̀.

Ṣé kò sí oníwọra láàárín àwọn obìnrin yẹn? Ó dá mi lójú pé wọ́n wà. Kò sí ọjà tí wọn ò sí. Àwọn kan fi ogun yẹn là, ebi sì pa àwọn tó fẹ́ ra oúnjẹ. N kò fẹ́ sọ ìtàn tí gbogbo obìnrin inú rẹ̀ jẹ́ áńgẹ́lì. Ṣùgbọ́n òfin tó ní kí ènìyàn tà ju bó ṣe rà á lọ sí ìsàlẹ̀, kò lè dúró.

Ìjọba mọ̀ pé tí Pẹlẹwura bá sọ fún àwọn obìnrin pé kí wọ́n gbà, wọn ó gbà. Ni wọ́n bá fi £100 lóṣù lọ̀ ọ́ pé kó wá bá wọn ṣe é. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò yẹn. Lọ́dún 1940, ìjọba kan náà ní obìnrin tó ń rí £50 ní odidi ọdún ti lówó tó ẹni tí à ń gba owó orí lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n gbé ka iwájú ẹlẹ́ja yìí ní oṣù kan ṣoṣo jẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀. Ó lè fi kọ́lé. Ó lè fi ra ọkọ̀ ojú omi. Kò sì ní ṣe ju kó la ẹnu kó sọ̀rọ̀ lọ.

Ó kọ̀ ọ́. Ó ní òun ò ní gba owó láti fi ebi pa ìlú tí wọ́n ti bí òun.

Ìjà náà ò parí lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n fà á títí di 1945 kí wọ́n tó mú ìdíwọ́n yẹn kúrò lórí oúnjẹ. Ọdún mẹ́rin. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹni tó kọ £100 lóṣù ṣì ń lọ sí Ereko lọ jókòó ti ẹja. Ó kú ní 1951.

Mo lè tún ròyìn Abẹ́òkúta fún yín, bí àwọn obìnrin ọjà ibẹ̀ àti Funmilayo Ransome-Kuti ṣe bá Aláké jà lórí owó orí láti 1947 títí ọba fi fi oyè sílẹ̀ ní 1949. Ṣùgbọ́n ìyẹn gbajúmọ̀ dáadáa, a ó jẹ́ kó di ọjọ́ mìíràn. Ohun tó ń gbé mi lọ́kàn ni £100 yẹn. Ká ní Pẹlẹwura gbà á ni, ká ní ó wà nínú ìjọ wa ní 1942, èmi àti àwọn alàgbà méjì yẹn ni a ó kọ́kọ́ kọ orúkọ rẹ̀. Ìwé owó ilé ìjọsìn ì bá fi hàn wá pé Olúwa ti bù kún un. Nígbà tí kò gbà á, a ò ní rí i. Ẹ rántí Lídíà ará Tíátírà náà, tó ń ta aṣọ elésèé àlùkò. Aṣọ olówó iyebíye ni, ó sì ṣeé ṣe kí èrè rẹ̀ pọ̀. Ẹni tó kọ ìtàn rẹ̀ ò sọ iye èrè náà. Ó sọ ilé ta ni Pọ́ọ̀lù àti Sílà gbà lọ nígbà tí wọ́n jáde lẹ́wọ̀n.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí ìsọ̀ obìnrin tí ìyá aláta ń wí. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní a ṣì lè ṣe àwo kan sí i, a ó pe gbogbo ìjọ. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Pásítọ̀, ibo ni kí n gbé àwo sí nínú ìsọ̀ yìí? Tí ẹ bá fẹ́ ṣe nǹkan fún wa, ẹ̀yin tí ẹ lọ sí ilé ìwé, ẹ bá wa kọ lẹ́tà. Tèmi tí mo ń fẹnu sọ lójoojúmọ́ yìí, wọn kì í kọ ọ́ sílẹ̀."

A ti kọ lẹ́tà náà. Ojú ìwé méjì ni. Orúkọ obìnrin mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, àwọn tí iná jó ìsọ̀ wọn tí wọn ò tíì rí ṣọ́ọ̀bù gbà, àti méjì nínú àwọn mẹ́fà tí a fún ní àwo, tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn rárá ṣùgbọ́n tí wọ́n ní àwọn ó fọwọ́ sí i. Ìyá aláta àti àwọn mẹ́jọ mìíràn fi ìka tẹ tiwọn. Yíǹkì sítáǹpù ìjọ ni a lò, ó ṣì wà lára tábìlì ọ́fíìsì mi. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni a ó mú un lọ, ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ẹni tó bá lè bá wa lọ, kó pàdé wa lẹ́nu géètì ìjọ.